Sáfà Tí Kò Mọ Orúkọ Ara Rẹ̀

Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, pákó lásán ló wà láàrin akọ̀wé àti akápò. Bí akọ̀wé bá sín, akápò á kí i pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀, ímeèlì tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ sí akápò kò dé. Ó ń padà wá bá a pẹ̀lú èsì kan: mail loops back to myself. Iṣẹ́ mi ni títún sáfà ṣe, wọ́n sì ní kí n wá wò ó.

Postfix ni sáfà náà ń lò, ètò tí Wietse Venema kọ nígbà tó wà ní IBM, tó sì jáde ní 1998. Bí lẹ́tà bá dé ọwọ́ Postfix, ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ti ilé ni tàbí ti òde. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú pákó. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì @ ló ń wò, tí yóò fi wé àwọn orúkọ tí a tò sí iwájú mydestination nínú fáìlì main.cf. Bó bá rí i níbẹ̀, ti ilé ni, àpótí ẹni tó ni ín ló ń lọ tààrà. Bí kò bá rí i, ti òde ni. Yóò lọ bèèrè lọ́wọ́ DNS pé ta ló ń gba lẹ́tà fún orúkọ yìí.

DNS dá tiwa lóhùn pé, ìwọ náà ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé sáfà yìí ló ni orúkọ ẹgbẹ́, àfi òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ fi ìlà mydestination sílẹ̀ bó ṣe bá a: orúkọ ẹ̀rọ àti localhost, ó parí. Àwọn tó ń kọ̀wé láti Èkó tàbí London kò tilẹ̀ wọlé rárá. Relay access denied ni wọ́n fi ń lé wọn ní ẹnu ọ̀nà.

Mo fi orúkọ ẹgbẹ́ kún ìlà náà, mo tẹ postfix reload. Kò pẹ́ tí akápò fi pariwo láti ẹ̀yìn pákó: "Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ó mà ti dé o!" Nígbà tó kan owó, akápò yìí kan náà ní ọ̀rọ̀ kan péré ni mo kọ, kí n gba owó ọ̀rọ̀ kan.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni sáfà tó ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Mo bá a pàdé ní ilé-ìwé kan. Wọ́n ti kó lẹ́tà wọn lọ sọ́dọ̀ Google, àmọ́ ìkànnì wọn ṣì wà lórí sáfà àtijọ́, níbi tí cPanel, ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso rẹ̀, ṣì ti kọ Local, pé ti ilé ni lẹ́tà wọn. Gbogbo ohun tí àwọn òbí bá kọ sórí ìkànnì náà, inú àpótí àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́ ló ń kó sí. Kò sí èyí tó padà, kò sí ẹni tó fura. Àwọn òbí ní ìgbéraga ló ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé.

Orúkọ kì í sì í dúró sójú kan. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Ṣólàrìn ní Ìjàgun bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 2025, "Federal" sì wọ inú orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá pa orúkọ dà gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nínú ìlà mydestination pẹ̀lú ti tuntun, nítorí àdírẹ́sì inú ìwé àwọn èèyàn kì í tètè yí. Geebu ni Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, pe Ìjẹ̀bú, ìlú wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Jebu ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá jà ní Ìmàgbọ̀n ní 1892 ń kọ. Èèyàn mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Sáfà kì í méfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó lẹ́tà yín lọ sọ́dọ̀ Google tàbí Microsoft, tí ìkànnì yín sì wà níbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ cPanel yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Email Routing sí, kí ẹ yí i sí Remote. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.