Bátìrì Tí Ń Gba Iná

Bí bátìrì rédíò bá fẹ́ kú nílé, màmá mi a sá a sóòrùn kí rédíò lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, èyí tí ń gba iná ni à ń lò. Fóólítì 1.2 ni agbára rẹ̀, ti àlòsọnù jẹ́ 1.5, síbẹ̀ rédíò wa ń fi sọ̀rọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: wọn kò gbọdọ̀ ki àlòsọnù bọ ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì níná, ó lè jò, ó sì lè bẹ́. Mo fi mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn ránṣẹ́ sí Màmá. Bí iná bá dé, wọn a gbà á pamọ́ de òkùnkùn. Màmá kì í pàdánù ìròyìn alẹ́ mọ́.