Àpá Ọrùn Ẹsẹ̀

Àpá kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan ní Ìdèrè, ní agbègbè Ìbàràpá. Sòbìà ló fi í sílẹ̀. Lọ́dún náà, ẹsẹ̀ wú, ó lé bí ojú iná, ìyá kò sì lè lọ kórè oko rẹ̀. Omi odò nìkan ló ń mú ìtura wá fún un. Ibẹ̀ gan-an ni aburú wà: bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi ni aràn náà ń tu ọmọ síta, tí àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi ń gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi yẹn, bí ọdún kan bá fẹ́ yí po, tirẹ̀ á yọ.

Kò sí oògùn tí ń pa á, títí di òní. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́; bí ó bá já sínú, egbò á di ńlá. Ìyá gbà pé iṣan ara ni, kò sí ẹni tí kò ní in. (Ta ni yóò bá a jiyàn, nígbà tí ó ń mú gbogbo agboolé?)

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ fi aṣọ sẹ́ omi.

“Ṣé omi tí mo fi tọ́ ọ ló wá di ìdọ̀tí?”

Ọmọ kúnlẹ̀, kò fèsì, ó ń sẹ́ omi rẹ̀ lọ.

Ní 2008 ni sòbìà mú ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2013. Aṣọ ṣì wà lẹ́nu ìkòkò ìyá.