Makita Ni Àbí Bosch?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá gbọ́ tí a ń pe orúkọ ayùn oníná bí ẹni ń ki oríkì, ẹ má bínú. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wá, Onitsha ni a sì dàgbà sí.

Àríyànjiyàn kan kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wa: ẹ̀rọ ta ló dára jù? Àwọn kan á ní Makita ti Japan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1915. Àwọn mìíràn á ní Bosch ti Jámánì, tó ti wà láti 1886. Wọ́n á tún kìlọ̀ pé aláwọ̀ búlúù ni ti oníṣẹ́, aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó kàn ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe. DeWalt ti Amẹ́ríkà náà lólùfẹ́. Ní ti Ingco àti Total ti Ṣáínà, àwọn ọ̀gá tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí ti ń rà wọ́n ní kọ̀rọ̀ báyìí.

Bàbá wa kì í wo orúkọ. Bí ó bá dé Bridgehead, lẹ́bàá afárá Odò Ọya, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfági fún un, yóò kọ́kọ́ dà á bolẹ̀ láti ka iye volt tí wọ́n kọ sí i lára. Tòkunbọ̀, tí àwọn ará Onitsha ń pè ní Belgium, kún ibẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, 120 volt ni. Ti Japan, 100. Iná tiwa ń lọ sí 240. Bí ẹ bá tì í bọ iná láìsí tìránsífọ́mà, ariwo rẹ̀ á yàtọ̀, èéfín ló kù. Ojú wa ló ṣe ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa: kò tó ìṣẹ́jú kan tí owó ilé-ìwé ọmọ méjì fi jóná. Àwa kò lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rọ ìfági kan ló ń san tiwa.

Watt náà wà níbẹ̀. Ayùn oníná aláyípo ń jẹ 1,200 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò gbé ju nǹkan bí 650 lọ. Orúkọ ńlá kò ní kí ó yí.

Lẹ́yìn èyí ni kábọ́ọ̀nù, ègé dúdú kékeré méjì tó ń gbé iná fún mọ́tò. Bí ó bá jẹ tán, ẹ̀rọ dákẹ́. Èyí tí a kò bá rí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ rà nítòsí, ẹrù lásán ni. Nítorí náà, lójú tiwa, Ingco tuntun tí iná wa gbé sàn ju DeWalt tòkunbọ̀ tí kò ní tìránsífọ́mà lọ. Ẹni tí inú bá bí, kí ó kọ̀wé sí olóòtú.

Bosch búlúù ni bàbá wa ń lò lọ́wọ́. Ó ti pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀ nígbà ìsinmi, kí ó bá wa kálọ. Àwa la ó fi Ìgbò ná an.