Kábúrétọ̀ Bàbá Mi

Honda CD175 bàbá mi ní sìlíńdà méjì, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ló ń fún méjèèjì lépo. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ yí síkúrù afẹ́fẹ́ wọlé títí yóò fi dúró, ẹ má fipá mú un o. Ẹ wá tú u padà bí ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, kí ẹ máa tẹ́tí.

Títẹ́tí yìí gan-an ni wàhálà. Etí bàbá mi ti ń di. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé lé táńkì báyìí: “Ó ń wúkọ́. Epo pọ̀ jù, tú u díẹ̀ sí i.” Òótọ́ ni! Lẹ́yìn tí mo gùn ún lọ gùn ún bọ̀, mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì: kò dúdú, kò funfun, àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ni. Bàbá ò tilẹ̀ wo pọ́lọ́ọ̀gì. Ojú mi ló ń wò.