Mo Gbé Ọmọ Mi Dé Adégbàyí

Ọmọbìnrin mi gbà pé inú fóònù ni ìyá mi ń gbé. Nígbàkígbà tí a bá pe Màmá lórí WhatsApp láti ilé wa ní Peckham, ní London, yóò na ọwọ́ sí ojú fóònù, yóò fi ẹnu kàn án, yóò sì yí i sẹ́yìn láti wò ó bóyá ara tí ó kù wà níbẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni Màmá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ṣé ọmọ yìí mọ̀ pé mo ní ẹsẹ̀ báyìí?" Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò rí èsì kankan fún un.

Ohun tí ó wá lé wa dìde gan-an, kí n má purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ owó ni. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 2 ń jókòó lórí itan òbí rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ìwọ̀nba owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá pé ọdún 2 ni yóò di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ní àga tirẹ̀. Ọmọ mi ti pé oṣù 21. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, kò sì rí ìsinmi gbà ní oṣù Kìíní. Báyìí ni ó ṣe di èmi nìkan pẹ̀lú ọmọ, àpótí méjì, àti ìlédìí tí ó tó ti ìbejì.

Ti ìwé kò le. Abala 25 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ìgbà tí a ti bí i. Ó ní ìwé ìrìnnà àwọ̀ ewé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera ni kò ṣeé fi ṣeré. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn a máa fojú di ibà, nítorí pé ara wa ti bá a jà láti kékeré. Ọmọ tí a bí sí London kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, àwa àgbà pàápàá sì ń pàdánù tiwa bí a bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń pa ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fún un ní oògùn adènà ibà tí ó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu. Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí a ń fún ọmọ láti oṣù 9. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni mo kọ́kọ́ dì sínú àpótí kí n tó di aṣọ kankan.

Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni London sí Èkó. Ọmọ mi fi wákàtí mẹ́fà nínú rẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga. Ìgbà tí bàálù ń bà ni oorun tó gbé e lọ. A sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Agége. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, dípò kí a gba òpópónà márosẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Mo gba ẹnikẹ́ni tí ó ní ọmọ kékeré ní ìmọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò, a ó de ọmọ mọ́ àga, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò dá ọkọ̀ dúró, ẹkún yóò sì bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó lè dìde, kí ó máa rìn, kí ó máa bá èrò ṣeré. Kí a tó dé Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ibùdókọ̀ náà, ọmọ mi ti jókòó lórí itan ìyá oníṣòwò kan tí n kò mọ̀ rí, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà kò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Bàbá ọmọ, ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ni wọ́n bi mí jù lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò nílé.

Mónìyà ni ọkọ̀ ojú irin parí sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Takisí gbé wa gba Òjòó, ó gba Ìwó Road, ó sì gba ọ̀nà Ifẹ̀ kọjá ọjà Gbági Tuntun títí a fi dé Adégbàyí. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ẹni tí ó bá ní òun ń lọ sí Adégbàyí, oko ni a gbà pé ó ń lọ. Ilé kan nìyí, oko ẹ̀gẹ́ ni yóò tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin a máa sá láfún sórí àpáta, eruku pupa a sì máa bà lé e bí ọkọ̀ bá sáré kọjá. Nísinsìnyí, ilé ti fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Ilé epo wà ní ibi tí bàbá bàbá mi gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ilé ìjọsìn mẹ́rin ni mo kà láàárín ibùdókọ̀ àti ẹnu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n kànga wa ṣì wà níbẹ̀, igi máńgòrò wà níbẹ̀, ọyẹ́ sì ti mú kí gbogbo ewé rẹ̀ dà bí ohun tí a da eérú lé lórí.

Màmá ti jáde dúró. Ó wọ ìró àti bùbá tí ó fi ń lọ sí òde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pe ọmọ náà, oríkì tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí i. (N kò ní kọ ọ́ síbí, ẹnu ìyá àgbà ni ó ti ń dùn.) Ọmọ mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó figbe ta, ó sá sí ẹ̀yìn mi, ó sì di ṣòkòtò mi mú pinpin. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. Ó ti sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bí ìwọ náà ti ṣe sí mi nìyẹn."

Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òun àti bàbá mi ń ṣòwò aṣọ ní Èkó, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Adégbàyí ni wọ́n sì fi mí sí. Kò sí ẹni tí ó rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa ṣe dàgbà. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò tó 130 kìlómítà, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń ráyè wá. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà kan tí ìyá mi dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti bàtà tuntun, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo sá sí, tí mo ń béèrè pé ta ni obìnrin yìí. Ìtàn ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í ṣe nínú ilé wa. N kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tí ó na ọwọ́, tí ọmọ kò sì wá.

Màmá kò lépa ọmọ náà. Èmi ì bá ti fi bisikí tàn án. Ó gbé àpótí ìjókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé itan, ó sì ń bó o. Ní ọjọ́ kìíní, ọmọ mi dúró lókèèrè. Ní ọjọ́ kejì, ó súnmọ́ ibi tí èèpo ń bọ́ sí, Màmá kò sì gbójú sókè. Ní ọjọ́ kẹta ni ó mú hóró kan nílẹ̀, tí ó nà án sí Màmá. Màmá ní, "Gbà? Ó ṣeun, ìyá mi," ó sì gbà á sínú igbá. Ó tún mú òmíràn wá. "Ó ṣeun, ìyá mi." Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń kà á, nígbà tí ó tó 40 ni mo dẹ́kun kíkà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà ní ẹ̀yìn Màmá, ọ̀já ti gbà á.

Èmi náà gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà. Ọ̀já tú lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin tí ń ta ògì fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì bá mi tún un so. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹ má wulẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ wá. Iyanrìn àti kòtò kò ní jẹ́ kí táyà rẹ̀ yí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni tèmi wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Adìẹ kan yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó mi ń béèrè lórí fóònù iye ìgbà tí ọmọ ti tọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin gbé ìgò àgbo jáde. Mo ní rárá, ó sì bínú. Màmá ni ó bọ́ sáàárín. Ó bu lítà omi kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù, ó wọn ṣíbí tíì 6 ṣúgà sí i, ó ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ojú ṣíbí kí ó lè dọ́gba, lẹ́yìn náà ó fi ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sí i. Kò wo ìwé. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí wà lára ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá ìgbà tirẹ̀, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, jẹ́ Mínísítà fún Ìlera láti ọdún 1985 sí 1993. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan ni a ń fún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ibà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tún ń lé adìẹ.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a padà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà ni ó sọ ohun tí gbogbo ilé ti ń rò. Ó ní kí n fi ọmọ sílẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ìwọ náà ń ṣiṣẹ́. Àjèjì ni ẹ ń sanwó fún kí ó bá yín tọ́jú rẹ̀. Ṣé àwa ti kú ni? Bí ó bá tó ilé ìwé lọ, kí ẹ wá mú un."

N kò lè pè é ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Owó tí à ń san fún ilé ìtọ́jú ọmọ lóṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé wa. Bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Láti àárín àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni ó fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó ní Kent, Sussex àti Essex kí wọ́n lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń kéde láti wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òṣèré Adéwálé Akínnúoyè-Agbájé, tí ó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní ọdún 2018. Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ láti ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà, kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ sí i. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fi lọ̀ mí, n óò gbà. Ilé wa ni, ẹbí wa ni, èdè yóò sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju bí ó ti lè yọ̀ ní Peckham lọ láé. Mo ronú sí i débi pé mo ń ṣírò iye tí yóò kù sí wa lọ́wọ́.

Màmá kò tíì sọ̀rọ̀. Ọmọ ti sùn sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ má bínú," ni ó wí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Ẹ ṣe mí lóore nígbà tèmi. Ẹ bá mi tọ́ ọmọ, ó yè, ó kàwé. Ṣùgbọ́n 'Ìyá Èkó' ni ó ń pè mí fún ọdún mẹ́rin. Mo sì ń dá a lóhùn. N kò fẹ́ kí ọmọ yìí pe ìyá rẹ̀ ní 'Ìyá London'." Ó yíjú sí mi. "Máa mú un wá. Má sì jẹ́ kí ó pẹ́."

N kò rántí pé mo pè é ní Ìyá Èkó rí. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi nígbà tí wọ́n ń fi búrẹ́dì àti bàtà pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì tí a padà dé Peckham, a pe Màmá. Ọmọ mi kò yí fóònù sẹ́yìn wò mọ́. Ó sáré wọ yàrá, ó wọ́ ọ̀já tí Màmá dì sínú àpótí wa jáde, ó sì nà án sí ojú fóònù. "Gbà," ni ó ń wí. "Gbà." Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi, ó sì bi í léèrè oṣù tí ìsinmi rẹ̀ yóò bọ́ sí.