Omi Tí A Ń Lé Lọ

ONÍLÉ: Káàbọ̀, àbúrò mi. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mo mọ̀ pé o ti rí òkè ńláńlá tí yìnyín bò lórí ní Kalifóníà, ṣùgbọ́n kí o tó ròyìn tìrẹ, gbọ́ tèmi. Ìṣàn kékeré tó gba ẹ̀yìn oko wa lọ bá odò Uren ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí, tí a máa ń dẹ ìgèrè sí lọ́mọdé, tí ẹ̀fọ́ àti ìrèké kì í wọ́n ní àkùrọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ti di oníwà méjì: bí òjò oṣù kẹfà bá dé, a gbá ẹ̀gẹ́ mi lọ, bí ọyẹ́ bá dé, okùn kànga mi kì í kan omi mọ́.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Akárìgbò. Àbàtà tó wà lókè ìṣàn náà ńkọ́, níbi tí igi abura àti ìko ti pọ̀?

ONÍLÉ: Wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n tà á ní pulọ́ọ̀tì. Àdúgbò sì dáwó la gọ́tà gba inú èyí tó kù, kí omi lè tètè lọ, kí ẹ̀fọn má bàa pa wá.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ohun tó ṣe àwọn ará òkè Sierra Nevada ní Kalifóníà náà nìyẹn. Àbàtà oníkoríko wà láàárín òkè wọn, tí í mu omi yìnyín tó yọ́, tí í sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún odò ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹranko kan wà níbẹ̀, bífà, tó tóbi ju òkété lọ, tí í fi eyín gé igi dí odò; àwọn ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run nítorí awọ rẹ̀; màlúù jẹ koríko etí odò tán; àwọn àgbẹ̀ la ojú omi tààrà kí ilẹ̀ lè gbẹ. Omi tó ti ń tàn ká wá kó ara rẹ̀ jọ sójú kan, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀. Bí ojú odò bá sì ti rì, omi abẹ́ ilẹ̀ a tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀.

ONÍLÉ: Àgbàrá tó gbá oko mi àti kànga tó gbẹ, àrùn kan náà ni?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ọ̀kan ṣoṣo ni. Omi tí ẹ kò jẹ́ kó sinmi nínú òjò ni ẹ ń wá kiri nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn tí mo rí níbẹ̀ kan èèkàn la odò já, wọ́n hun ẹ̀ka igi mọ́ ọn, wọ́n fi ẹrẹ̀ àti koríko dí i, omi sì ń yọ́ kọjá láìsáré. Mo sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀kan nínú odò wọ̀nyẹn: lókè èèkàn, ẹsẹ̀ mi rì dé orúnkún, nísàlẹ̀ rẹ̀, òkúta gbígbẹ ni mo tẹ̀. Ní Tásmam Koyóm, ilẹ̀ àwọn Maidu, onílẹ̀ àtijọ́ ibẹ̀, tí wọ́n dá padà fún wọn ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ tú bífà 7 sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ náà.

ONÍLÉ: Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Baba wa kò ní bífà; igbó Orò àti igbó etí odò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣá ló ń pa omi mọ́ fún wọn. Lónìí, ta ni yóò wó ilé rẹ̀ nítorí àbàtà?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Odò Ọ̀ṣun tó ti òkè Èkìtì ṣàn wá ṣì ní igbó tirẹ̀ ní Òṣogbo, nǹkan bí hẹ́kítà 75, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Bí ẹ̀rù òrìṣà kò bá dá ọwọ́ àáké dúró mọ́, kí òfin dá a dúró. N kò ní kí ẹ wó ilé. Èyí tí kò tíì sí ilé lórí rẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀, kí a dí gọ́tà rẹ̀ níbi mélòó kan, kí a gbin ìko padà. Ní ti ẹ̀fọn, ó ń yé sínú gọ́tà tí ìdọ̀tí dí pẹ̀lú. Àbàtà tó lẹ́ja, ẹja a jẹ ọmọ ẹ̀fọn.

ONÍLÉ: Apá tó kù lókè, ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn oníbàárà sì ti ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé ẹbí. Wá sọ ọ́ níwájú olórí ẹbí, nítorí bí wọ́n bá ti gbowó, ọ̀rọ̀ ti tán.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Mo ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wo ibi tí gọ́tà ti já sódò, kí n lè fi ibi tí èèkàn àkọ́kọ́ yóò wà hàn wọ́n.