Ẹrù Inú .RData

Láyé ìgbà tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi R ṣe ìṣirò dátà n'Íbàdàn, iná ọba ló kọ́ wa ní sééfù. Bí UPS bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kálukú á sáré tẹ save.image(), gbogbo ohun tó ti fún lórúkọ láti àárọ̀ á sì wọ inú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ .RData. Bí iná bá dé, á ṣí R, á bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ta ni yóò bá wa wí?

Àṣà náà ti wà kí R tó dáyé. Ní 1976 ni John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè S ní Bell Labs, Amẹ́ríkà. Nínú S, ohunkóhun tí èèyàn bá fún lórúkọ ti di fáìlì lórí díìsìkì nìyẹn, nínú fódà .Data. Ohun tó jáde ni dúkìá. Kóòdù tó bí i kò jọ ọ̀pọ̀ lójú. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Ross Ihaka àti Robert Gentleman ní Yunifásítì Auckland, New Zealand, wá dá R sílẹ̀. S ni wọ́n wò kọ tiwọn, ṣùgbọ́n inú mẹ́mórì ni wọ́n kó ohun gbogbo sí, bí kọ̀ǹpútà bá sì kú, ohun inú mẹ́mórì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí R fi ń béèrè nígbà tí a bá fẹ́ tì í, pé ṣé kí òun kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju kòkòrò kọ̀ǹpútà lọ.

Àbájáde ni .RData ń pa mọ́, kì í sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé e wá bá mi kí wọ́n tó lọ dúró níwájú àwọn olùdánwò. Mo ṣí i, mo bá dat, dat2, dat_final, dat_final2. Ta ló yọ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò pé 18? Wọn ò rántí, fáìlì náà ò sì lè sọ. load() tún wá burú sí i: bí dat mìíràn bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti inú fáìlì yóò gba ipò rẹ̀, R kò ní wí nǹkan kan.

Ti environment ló le jù. Ọ̀dọ̀ èdè Scheme ni Ihaka àti Gentleman ti mú un pé kí function máa rántí ibi tí wọ́n ti dá a. Ibẹ̀, tí à ń pè ní environment rẹ̀, ni yóò ti máa wá ohun tó bá fẹ́ lò, ibi yòówù kí wọ́n ti pè é. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irú function bẹ́ẹ̀ pa mọ́, environment rẹ̀ ń bá a lọ, bí ìgbà tí èèyàn pe àlejò kan tí gbogbo agboolé rẹ̀ sì bá a wá. Bó bá jẹ́ global environment ni wọ́n ti dá a, kò séwu, àmì lásán ni R ń kọ sílẹ̀ fún ìyẹn. Èyí tí wọ́n dá sínú function mìíràn ni wàhálà. Fọ́múlà tí a kọ sínú function tó ka dátà ńlá, tí a wá fi fún lm(), ń ru gbogbo ohun tó wà nínú function yẹn kiri. object.size() kò ní kà á mọ́ ọn. Ìgbà tí fáìlì bá wúwo lórí díìsìkì la tó ń fura. Ìwúwo sì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà aláìsàn lè fi àbájáde ránṣẹ́ síta, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀ láìmọ̀.

saveRDS() gbà wá díẹ̀: ohun kan ṣoṣo ló ń pa mọ́, ẹni tó bá sì kà á ni yóò fún un lórúkọ. Kò gbà wá lọ́wọ́ environment o. R 4.4.0, tó jáde ní 2024, ló tún dí ihò kan tí fáìlì RDS tí ẹni ibi ṣe lè gbà mú R ṣe ohun tí a kò rán an.

Módẹ́ẹ̀lì tó bá gba òru mọ́jú, ẹ fi saveRDS() pa á mọ́, kò burú. Dátà bó ṣe wọlé àti kóòdù ni kí ẹ dì mú. Ẹ lọ sí Global Options nínú RStudio, ẹ ní kó má ṣí .RData fúnra rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì yan Never níbi tó ti ń béèrè bóyá kó pa á mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ti R, ẹ tún un ṣí, kí ẹ jẹ́ kí kóòdù yín ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ má tíì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.